ÌTÀN ÈSÌẸ́ ÀTI ÀWỌN ÈRE ÒKÚTA RẸ̀

  Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ìtàn Ifẹ̀, ti Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn ni ó sábà máa ń gba gbogbo ojú ewé. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, nítorí àwọn ìlú ńlá ni òkìkí wọn kàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tiwa yìí kì í ṣe ti ọmọ ìlú ńlá nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ìlú kéékèèké wá, ìlú tí ẹni tí ń lọ nínú mọ́tò lè kọjá lára rẹ̀ kí ó má tilẹ̀ bojú wò ó. Ìdí nìyí tí a fi mú ìlú kékeré kan láti sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí. Orúkọ ìlú náà ni Èsìẹ́.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni Èsìẹ́ wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kò jìnnà sí Òrò, kò sì jìnnà sí Òmù-Àrán. Ìlú Ìlúdùn ni ó sún mọ́ ọn jù, débi pé àwọn méjèèjì jọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú méjèèjì pa pọ̀. Iṣẹ́ oko, òwò àti iṣẹ́ ìjọba ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí gbogbo Ìgbómìnà. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó ní ìlú náà kò yàtọ̀ sí ìlú tí ó bí èyíkéyìí nínú wa. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ère òkúta tí ó ń bẹ níbẹ̀, tí iye rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí á dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kí á fi ojú inú wo àwọn ère náà. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ìyẹn òkúta kan tí ó ń dán, tí ó rọ̀, tí ọ̀bẹ lásán lè fá, tí ó sì ń yọ́ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Àwọn mìíràn kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn mìíràn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ọkùnrin ń bẹ, obìnrin ń bẹ. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹlòmíràn mú àdá tàbí idà lọ́wọ́, ẹlòmíràn mú ohun èlò orin. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Irun wọn ni ó yani lẹ́nu jù, nítorí oríṣiríṣi ni wọ́n dì í, tí ó ga sókè ní ìpele ìpele. Ẹlòmíràn sì dé fìlà. Ilà wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó gbẹ́ wọn kò gbẹ́ òrìṣà aláìlójú. Ó gbẹ́ ènìyàn tí ó ní ipò, tí ó mọ aṣọ í wọ̀, tí ó sì mọ bí a ti ń jókòó láàárín àwùjọ. Bí àwọn àgbà bá wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ó yẹ kí á rántí àwọn tí a ń sọ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí ti kúrò lọ́rùn wọn, tí apá ti kán, tí imú ti fọ́. Òkúta tí ó rọrùn láti gbẹ́, ó rọrùn láti fọ́ náà ni.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? Ibí yìí ni àwọn ará Èsìẹ́ ti fi ìwà ọmọlúwàbí hàn. Kò sí ohun tí ì bá rọrùn fún wọn bí kí wọ́n sọ pé baba ńlá àwọn ni. Ta ni ì bá jà wọ́n níyàn? Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ láti ìran dé ìran ni pé nígbà tí àwọn baba wọn ti apá Ọ̀yọ́ Ilé wá tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n bá àwọn ère náà nínú igbó ni. Ọdẹ ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ kan wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń rí nínú ìtàn ilẹ̀ wa, nítorí ọdẹ ni í mọ inú igbó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ń bọ wọ́n, tí wọ́n sì yan àwòrò fún wọn. Ohun tí wọn kò ṣe, wọn kò ní àwọn ṣe é. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀, wọn kò bà á jẹ́.

Ó ní ìtàn kan tí àwọn àgbà Èsìẹ́ máa ń sọ, tí ẹnu kò kò lé e lórí délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n tí kókó rẹ̀ kì í yí padà. Wọ́n ní àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí nígbà kan rí. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú aya àti ìránṣẹ́ wọn, pẹ̀lú onílù wọn. Ọ̀rọ̀ kò wọ̀ láàárín àwọn àti àwọn onílé, a sì sọ gbogbo wọn di òkúta bí wọ́n ti jókòó. Kí oníkálukú gba èyí gbọ́ tàbí kí ó má gbà á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé ìtàn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kí àlejò dé, kí ó má gbọ́ èdè onílé, kí onílé má mọ ohun tí ó bá wá, wàhálà ńlá ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bí irínwó ọdún kí agbára wọn tó kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 410. Wọ́n fi ilé òkúta, ọ̀nà àti odi sílẹ̀. Àwọn tí ó wá tẹ̀dó lẹ́yìn wọn, tí wọ́n jẹ́ baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní, kò mọ bí a ti í mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn kan nínú wọn sọ pé òmìrán ni ó kọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé ará kan náà ni òmìrán tiwọn àti àlejò tí ó di òkúta tiwa. Ní ọdún 1811, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ George Tupper ń tu ilẹ̀ oko rẹ̀ ní abúlé Bignor ní apá gúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin ìtulẹ̀ rẹ̀ sì kọ lu òkúta. Nígbà tí wọ́n wa ilẹ̀ náà, ilé ńlá àwọn ará Róòmù ni wọ́n bá níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà, tí ó ya àwòrán ènìyàn àti ẹranko. Wọ́n kọ́ ilé olórùlé koríko bò ó kí òjò má bà á jẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wá wò ó. Ìdílé àgbẹ̀ yìí kan náà ni ó ṣì ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní. Abúlé lásán ni Bignor, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ nítorí ohun tí àgbẹ̀ kan kò fi ìtulẹ̀ rẹ̀ fọ́ túútúú.

Kí á padà sí Èsìẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Ìgbómìnà sinmi. Ogun Ìlọrin wá, ogun Nupe wá, Ìgbómìnà sì wà nínú Èkìtìparapọ̀ tí ó bá Ìbàdàn jà. Ìlú tú, ìlú tún dó. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Òyìnbó dé, tí wọ́n kó Ìgbómìnà mọ́ abẹ́ Ìlọrin ní Ilẹ̀ Àríwá, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí tí a fi dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ère jókòó nínú igbó wọn ní ìdí igi, àwọn tí ó ń bọ wọ́n kò sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ọdún 1933 ni ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, tí ó jẹ́ alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., gbọ́ nípa wọn, tí ó lọ wò wọ́n, tí ó sì fi tó ìjọba létí. A fẹ́ kí ẹ fiyè sí èyí. Òṣìṣẹ́ ìjọ Kristi ni ọ̀gbẹ́ni yìí, ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì bá wá. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ère ni a ti kó sínú iná káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní orúkọ ẹ̀sìn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa sì jóná mọ́ ọn. Òun kò ké sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n gbé òòlù wá. Ìwé ni ó kọ. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e: F. de F. Daniel kọ̀wé lórí àwọn ère náà ní ọdún 1937, J. D. Clarke tí ó wà ní ẹ̀ka ìjọba fún ẹ̀kọ́ sì kọ tirẹ̀ ní ọdún 1938.

Ọdún 1938 yìí náà ni wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ nípa wọn. Kò pẹ́ tí méjì nínú wọn fi dé ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan tí ó gbé wọn lọ sí ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n tó padà sí Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ta àwọn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa lára. Kenneth Murray, Òyìnbó tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà láti ọdún 1927, ni ó ń pariwo jù pé kí ìjọba ṣe òfin kí ó sì kọ́ ilé fún àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọdún 1943 ni ìjọba gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1945, wọ́n ṣí ilé kan fún àwọn ère ní Èsìẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á tún èyí sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó kàwé kò mọ̀ ọ́n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kò sí ní Èkó, kò sí ní Ìbàdàn, kò sí ní Kano. Èsìẹ́ ni ó wà. Ti Jos dé ní ọdún 1952, ti Ifẹ̀ dé ní ọdún 1954. Ìlú kékeré tí a ń wí yìí ni ó ṣáájú gbogbo wọn.

Ní ọdún 1965 sí 1966, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Phillips Stevens bá ẹ̀ka ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì tún padà wá ní ọdún 1974. Ó to àwọn ère lẹ́sẹẹsẹ, ó wá orí tí ó bá ọrùn mu, ó ya àwòrán wọn, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa wọn ní ọdún 1978. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ohun amọ̀ tí wọ́n bá lára àwọn ère tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà tí Ifẹ̀ ń gbilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n irú àwọn tí ó gbẹ́ wọn kò tíì yé àwọn ọ̀mọ̀wé títí di òní. Àwọn kan ń wo ọ̀nà Ifẹ̀, àwọn kan ń wo ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn kan ń wo ọ̀nà Nupe. Irú ère bẹ́ẹ̀ ti jáde ní Ọ̀fàrò àti Ìjárá pẹ̀lú, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kan náà, nítorí náà iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ojú kan ṣoṣo. Ní tiwa, a rò pé àìmọ̀ yìí kò dín iyì Èsìẹ́ kù. Ẹni tí ó tọ́ ọmọ náà ni ìyá, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó bí i.

Ọ̀rọ̀ tí ó dùn wá ni èyí tí ó kù. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n ń pè ní ICOM, tẹ ìwé ìkìlọ̀ kan jáde. Wọ́n ka àwọn ohun ilẹ̀ Áfríkà tí olè ń jà jù lọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà níbikíbi. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú ère Nok àti ti Ifẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí ogun kò kó, tí iná ẹ̀sìn kò jó, àwọn kan fi ọwọ́ ara wọn gbé e sínú àpò ní òru, wọ́n sì tà á fún àlejò tí yóò gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀. Òyìnbó nìkan kọ́ ni a ó dá lẹ́bi. Òyìnbó kò mọ ọ̀nà igbó. Ọmọ ilé ni í júwe rẹ̀ fún un. A kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tilẹ̀ wá sọ pé a tà á.

Òfin wà lórí ọ̀ràn yìí. Èyí àkọ́kọ́ dé ní ọdún 1953. Òfin 77 ti ọdún 1979 sì dá ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ tí ó ń bojú tó gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ti Èsìẹ́ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá sì hú u jáde nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé nínú wa, tí ẹ ń gba bíríkìlà láti gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ nìkan ni. Ilẹ̀ tí a ń gbẹ́ ní Aluu kì í ṣe ilẹ̀ tí a dá lánàá.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹrin, ni wọ́n ń ṣe Ọdún Ère ní Èsìẹ́. Àwòrò á ṣe ètùtù, obì á wà, ìlù á dún. Àwọn tí ń wá ọmọ á wá tọrọ, àwọn tí ó tọrọ tí ó rí gbà á wá dúpẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi á fi àsìkò náà wálé, wọ́n á rí ara wọn, wọ́n á jíròrò lórí ọ̀ràn ìlú. Mùsùlùmí ń bẹ ní Èsìẹ́, Onígbàgbọ́ ń bẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti bọ ère, kò ní kí ó má wá kí ẹbí rẹ̀, kò sì ní kí ó má fi ojú rere wo ohun tí ó sọ ìlú rẹ̀ di mímọ̀ fún ayé. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ère rárá. A kò bá wọn jà. Ohun tí a ń wí ni pé Ramshaw náà kò bọ ọ́.

Ó ku ohun kan tí ó kan àwa tí a wà níbí. Aluu jẹ́ ti àwọn ará Ikwerre. Abúlé mẹ́sàn-án ni ó para pọ̀ ń jẹ́ orúkọ náà. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Yunifásítì Port Harcourt tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí wọn ní ọdún 1975 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó tó di yunifásítì gan-an ní ọdún 1977. Iṣẹ́, òwò àti ẹ̀kọ́ ni ó fa ọ̀pọ̀ nínú wa wá. A bá igbó nílẹ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀. A bá ojúbọ àti ibojì nílẹ̀, a sì bá ọjọ́ tí wọn kì í ṣe àwọn nǹkan kan. Ipò tí àwọn ará Èsìẹ́ wà ní ọjọ́ tí ọdẹ wọn dúró níwájú àwọn ère yẹn ni àwa náà wà. Nígbà tí ọ̀dọ́ wa kan bá fi ohun àwọn onílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó ní nǹkan bọ̀lẹ̀kájà ni, ó ti gbàgbé pé àwọn kan wà ní ibòmíràn tí ó lè wo ohun tiwa bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà Ikwerre ṣì ń sọ ìtàn ilẹ̀ yìí fún ẹni tí ó bá jókòó tì wọ́n. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, tí ó gbọ́ èdè wọn, kí wọ́n lọ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó tún yẹ kí oníkálukú nínú wa kọ ìtàn ìlú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ewé kan péré, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kó wọn pọ̀, nítorí àwọn ọmọ tí a bí sí Aluu kò mọ Ìgbómìnà yàtọ̀ sí Ìjẹ̀ṣà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wo Èsìẹ́, kò le. Ẹ gba Benin kọjá lọ sí Àkúrẹ́, kí ẹ ti ibẹ̀ gba Adó-Èkìtì lọ sí Òmù-Àrán, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà Èsìẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ dání, kí ẹ sì lọ ní ọ̀sán, nítorí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í pẹ́ tì. Bí ẹ bá wọlé, ẹ béèrè èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní ọba àwọn ère. Àwọn ọmọ yóò bi yín pé ilà ìlú wo ni ó kọ sójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọn yóò wí.